Òru Ọjọ́ Kan ní Àfonífojì Àbùùbùtán

Mo ti lo ọdún mẹ́ta ní ìlú Káírò, níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Al-Azhar, kí n tó sun oorun alẹ́ kan ṣoṣo nínú aṣálẹ̀. Èyí lè ya ẹni tí kò dé Íjíbítì rí lẹ́nu, nítorí pé aṣálẹ̀ ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ náà, tí àwọn ènìyàn sì rọ̀ mọ́ etí odò Náílì bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé Madinat Nasr bíi tiwa, tí ó ń ti ilé lọ sí kíláàsì, tí ó ń ti kíláàsì bọ̀ wálé láàárín àwọn ilé alájà púpọ̀ àti fèrè ọkọ̀ tí kì í dákẹ́, eruku tí ó ń bà sórí fèrèsé ní àràárọ̀ nìkan ni yóò máa rán an létí pé yanrìn kò jìnnà sí òun. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwa mẹ́rin tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá gbéra láti lọ sùn nínú aṣálẹ̀ Fàyúmù. Ohun tí ojú mi rí lóru ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ń gbèrò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé irú àìmọ̀kan tí mo gbé lọ dání.

Àwọn tí ó lówó tí wọ́n sì ní àkókò a máa lọ sí Aṣálẹ̀ Funfun, tí ó wà láàárín Bahariya àti Farafra, níbi tí òkúta ẹfun ti dúró káàkiri bí ère. Bahariya nìkan ti tó nǹkan bí 370 kìlómítà sí Káírò, kí a tó wá sọ ti aṣálẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kò sì rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wadi al-Hitan, tí ó wà nínú aṣálẹ̀ Fàyúmù, ni a yàn, nítorí pé kò ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ sí Káírò. ‘Hitan’ ni ọ̀pọ̀ ‘hut’ nínú èdè Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ kan náà tí Àlùkùrání lò fún ẹja tí ó gbé Ànábì Yúnúsà mì. Bí a bá fẹ́ pe orúkọ ibẹ̀ ní èdè wa, Àfonífojì Àbùùbùtán ni. Àjọ UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé láti ọdún 2005.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ilé ni mo ti ṣe é. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, mo sì mọ ọyẹ́ dáadáa. Èrò mi ni pé òtútù yòówù tí aṣálẹ̀ bá ní, kò lè ju ti ọyẹ́ tí ó máa ń mú wa yáná ní ìdájí nígbà tí a wà ní kékeré. Aṣálẹ̀ ni wọ́n sọ pé à ń lọ, oòrùn ni ọkàn mi sì lọ sí: mo di fìlà, mo di ìpara, mo di omi, mo wá mú súẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìwó, tí ó ti pẹ́ ju gbogbo wa lọ ní Káírò, tí a sì ń pè ní Àáfà, ni ó wo ẹrù mi tí ó ní, “Àbúrò, aṣọ dà?” Mo fi súẹ́tà hàn án. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó kàn bi mí bóyá aṣọ òfì tí ìyá mi dì fún mi nígbà tí mo ń bọ̀ láti ilé ṣì wà. Mo ní ó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, pé ọjọ́ ọdún ni mo ń fi í pamọ́ dè. Ó ní kí n lọ gbé e wá. Bí kò bá jẹ́ ti aṣọ yẹn ni, n kò mọ bí ǹ bá ṣe di àárọ̀.

Awakọ̀ wa jẹ́ baba kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ará abúlé kan nítòsí adágún Qarun. Ammu ni a ń pè é, bí wọ́n ṣe máa ń pe ọmọ ìyá baba ẹni àti gbogbo ọkùnrin tí ó bá ti dàgbà níbẹ̀. Òun náà ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ‘ya ibni’, ọmọ mi. Òun ni ó ti gba ìwé àṣẹ sílẹ̀ fún wa. A gba ẹ̀gbẹ́ àwọn adágún Wadi el-Rayan kọjá, omi tí kì í ṣe àdánidá: omi tí ó ń ṣàn kúrò nínú oko àwọn ará Fàyúmù ni wọ́n darí gba ibẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, ó sì di adágún ńlá láàárín yanrìn. Nígbà tí a fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà ọlọ́dà, Ammu dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó mú igi ìṣáná kan, ó sì fi í tẹ ẹnu táyà kọ̀ọ̀kan, tí afẹ́fẹ́ ń sú jáde títí tí táyà fi rọ̀, tí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ó ní táyà tí ó bá le a máa gé yanrìn bí ọ̀bẹ, yóò sì rì. Èyí tí ó bá rọ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí.

A kí ìrun Àìlà kí a tó wọ inú àfonífojì náà. Wọn kì í wa ọkọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń rìn, ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ti sàmì sí. Egungun àwọn àbùùbùtán ayé àtijọ́ wà nílẹ̀ bí wọ́n ṣe kú sí, tí eegun ẹ̀yìn wọn tò tẹ̀lé ara wọn lórí yanrìn bí ìtì igi tí a gé sílẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù ni wọ́n ń pè ní Basilosaurus, ó sì lè gùn tó mítà 18. Èyí tí ó kéré sí i ni Dorudon. Ní nǹkan bí ogójì mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí òkun ṣì bo ilẹ̀ náà, kódà gbòǹgbò àwọn igi etí òkun wà níbẹ̀ tí ó ti di òkúta. Ohun tí ó dá mi dúró jù lọ ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Basilosaurus, èyí tí Philip Gingerich ti Yunifásítì Michigan àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ní ọdún 1989: ẹsẹ̀ kékeré tí ó ní orúnkún, tí ó ní ọmọ ìka, ṣùgbọ́n tí kò lè gbé irú ara bẹ́ẹ̀ rìn mọ́. Orí ilẹ̀ ni àwọn baba ńlá àbùùbùtán ti rìn wọ inú omi, ẹsẹ̀ náà sì ni ẹ̀rí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́, mo ń rò ó pé ibi tí omi ti bo àbùùbùtán mọ́lẹ̀ ni àwa ti ń ṣírò omi ní ẹnu kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú òkúta tàbí egungun kankan níbẹ̀ o, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Òfin 102 ti ọdún 1983 ni ó ń dáàbò bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Íjíbítì, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń wo ọwọ́ àlejò.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, Ammu wà wá lọ sí ibi tí wọ́n gbà pé kí a sùn. Kò pa àgọ́. Ó gbé ọkọ̀ dábùú ìhà àríwá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó ta aṣọ nínípọn aláràbarà kan láti ara ọkọ̀ mọ́ òpó méjì, ibi tí ó ṣíji bò sì ni ó tẹ́ ẹní àti tìmùtìmù sí. Omi tí a gbé dání kò lè tó àlùwàlá ènìyàn márùn-ún kí ó sì tún tó mímu, nítorí náà tàyámámù ni a ṣe fún Màgàríbà. Láti kékeré ni mo ti há ẹsẹ̀ kẹfà Súrátù Máídà sórí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ lẹ ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ ilẹ̀ mímọ́ nítorí pé n kò ní omi tí mo lè fi ṣòfò. Yanrìn tí ó ń jó mi lẹ́sẹ̀ ní ọ̀sán ti tutù. Ó yẹ kí ìyẹn ti kìlọ̀ fún mi.

Nígbà tí a sálámà, oṣù tí kò ju ọmọ ọjọ́ mẹ́rin lọ wà ní ìwọ̀ oòrùn, Àgùàlà sì ń tàn yòò ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àáfà ní, “Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni.” Ammu bi wá ohun tí ó sọ, a túmọ̀ rẹ̀ fún un, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi, ó ní Zuhra ni àwọn ń pe ìràwọ̀ náà ní tiwọn. Àáfà wá fi Ìràwọ̀ Àríwá hàn wá, èyí tí kì í kúrò lójú kan, ó ní láti ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè mọ kíbúlà bí kò bá sí fóònù lọ́wọ́, nítorí gúúsù ìlà oòrùn Fàyúmù ni Mẹ́kà wà. Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ammu sun adìẹ lórí ẹ̀yinná, ó se ìrẹsì, ó sì se tíì dúdú tí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ ètè. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ti omi fún wa. Ìgò mẹ́ta olómi lítà kan àti ààbọ̀ ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fún mímu títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kẹ́ẹ̀gì méjì tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ti oúnjẹ àti ti ẹ̀rọ ọkọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìsọ fún òun. Ọ̀kan nínú wa tí ó gbé gàrí wá rọra dá a padà sínú àpò. Ammu wá mú ṣọ́bìrì, ó fa ìlà kan sórí yanrìn yí gbogbo wa àti ọkọ̀ ká, ó ní ẹni tí yóò bá kọjá ìlà náà lóru, kí ó jí ẹnì kan, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì, kí ó sì kíyè sí ẹ̀gbẹ́ ojú tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lù ú. Bí ọ̀nà bá sì dàrú mọ́ ọn lójú, kí ó jókòó. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì: kí ó jókòó. Mo gbọ́, mo sì mi orí.

Òtútù tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ gbẹ, kò sì sí ìkuukùu tí yóò bo ilẹ̀, nítorí náà gbogbo ooru tí yanrìn fi ọ̀sán gbà ni ó ń gba ojú ọ̀run lọ bí oòrùn bá ti wọ̀. Ní ilé, ògiri wà, igi wà, ilẹ̀ sì tutù díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀, bí ìgbà tí a ṣí ìdérí ìkòkò ni. Nígbà tí Ammu tan ọkọ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ohun tí ó ń wọn ojú ọjọ́ nínú rẹ̀ fi 7 hàn, ó sì tún ń lọ sílẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé láti ìsàlẹ̀ ni òtútù náà ti ń wá jù. Mo da gbogbo aṣọ tí mo ní bo ara mi, bẹ́ẹ̀ ni tìmùtìmù tín-ín-rín kan ni ó wà láàárín ẹ̀yìn mi àti ilẹ̀, mo sì ń gbọ̀n. Àáfà ni ó jí tí ó ní kí n dìde, ó ká aṣọ òfì náà sí méjì, ó tẹ́ ẹ sí abẹ́ mi, ó ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí mo fi rìn láti àárọ̀ tí òógùn ti rin, kí n wọ òmíràn tí ó gbẹ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi sùn lọ. Ohun méjì yìí, aṣọ abẹ́ àti ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, ṣe mí lóore ju bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo fẹ́ lọ tọ̀. Ojú tì mí láti jí àgbàlagbà nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò jí ẹnikẹ́ni. Mo fa aṣọ òfì jáde lábẹ́ mi, mo fi í bora, mo mú fóònù mi tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo tan iná rẹ̀, mo sì kọjá ìlà. Mo rìn títí mo fi rí àpáta kan tí orí rẹ̀ tóbi ju ìdí rẹ̀ lọ, bí olú, mo sì bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mo ti ń so ṣòkòtò mi ni fóònù kú. Òtútù a máa tètè pa bátìrì. N kò mọ̀ nígbà náà.

Oṣù ti wọ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Iná wa ti di eérú. Mo yíjú padà sí ibi tí mo rò pé mo ti wá, mo rìn, n kò sì bá ọkọ̀. Àpáta mìíràn tí ó dà bí olú ni mo bá. Mo yà sí ọ̀tún, yanrìn. Mo padà, n kò bá àpáta àkọ́kọ́ mọ́. Mo gbójú sókè, mo sì rí Ìràwọ̀ Àríwá, ó dúró sí ààyè rẹ̀ gan-an bí Àáfà ti fi hàn wá. Mo mọ àríwá. Mo mọ gúúsù. Mo mọ ìhà tí Mẹ́kà wà, tí ó jìnnà ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ sí mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí ẹní mi wà, nítorí pé nígbà tí mo ń jáde, n kò wò ó bóyá àríwá ni mo kọjú sí tàbí ìlà oòrùn. Gbogbo ìmọ̀ ìràwọ̀ tí mo ní kò wúlò fún mi lóru ọjọ́ náà fún ìdí yìí nìkan.

Mo kígbe pe Àáfà. Ohùn mi kò lọ, kò sì bọ̀. Yanrìn mu ún bí ó ti ń mu omi. Àyà mi là, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mo sì ti sá díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Ammu tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo jókòó. Mo fẹ̀yìn ti òkúta kan, mo fi òfì wé ara mi láti orí dé ẹsẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé mo ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lù nínú etí mi. Àdúrà tí ó wá sí mi lẹ́nu ni èyí tí Ànábì Yúnúsà ṣe nínú òkùnkùn ikùn ẹja, Lá iláha illá anta, mo sì ń kà á láìdákẹ́, níbi tí egungun àwọn àbùùbùtán wọ̀nyẹn wà nílẹ̀ ní ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀ sí mi.

N kò lè sọ bí ó ti pẹ́ tó. Iná kan ni mo rí, kò sì ga ju kókósẹ̀ ènìyàn lọ. Ammu ni. Ó tẹ̀ ba, ó mú tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ilẹ̀ gan-an, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ipasẹ̀ mi sì lè ní òjìji. Bí a bá gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, ojú yanrìn á kan funfun ni, ipasẹ̀ á sì fara pamọ́. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó bi mí: “O jókòó?” Mo ní, “Mo jókòó, Ammu.” Ó ní ó dára. Ó ti jí láti wo iná, ó ka orí wa, ó sì rí i pé ẹnì kan kò sí. Kò bá mi wí. Àáfà nìkan ni ó jókòó dè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó ní, “Kú ewu, àbúrò,” kò sì sọ nǹkan mìíràn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, a rí i pé àlejò ti wá lóru. Ipasẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ aṣálẹ̀ wà lórí yanrìn, kékeré, ó ṣe rẹ́gí: ó kọjá ìlà Ammu, ó gba àárín orí èmi àti Àáfà, ó yí ìkòkò po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba ọ̀nà tí ó gbà wá gan-an padà lọ. Ammu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí àwọn ìlà kéékèèké tí afẹ́fẹ́ fà sórí yanrìn, bí ìgbì omi. Ó ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ kan rọra ga bí òkè tí kò nira láti gùn, ẹ̀gbẹ́ kejì gé wálẹ̀ lójijì. Ìhà tí ó rọra ga ni afẹ́fẹ́ ti ń wá, nínú òkùnkùn pàápàá ọwọ́ ènìyàn lè kà á. Ó ní bí ènìyàn bá ń jáde, kí ó kíyè sí i bóyá òun ń la àwọn ìlà náà kọjá ni tàbí òun ń bá wọn lọ, kí ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ afẹ́fẹ́: èyí tí ó bá ń fẹ́ lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà tí ó ń lọ gbọ́dọ̀ máa lu ti òsì nígbà tí ó bá ń bọ̀.

Ó wá mú mi lọ sí ẹ̀yìn àpáta olú àná. Ó ní kí n kíyè sí gbogbo nǹkan wọ̀nyí bí a ti ń lọ, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ó tú láwàní rẹ̀, ó fi di ojú mi, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo dúró títí tí afẹ́fẹ́ fi bà mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo ń ka ìgbésẹ̀ mi. Mo dúró lẹ́ẹ̀mejì láti tún ilẹ̀ fọwọ́ kàn. Ní ìgbésẹ̀ kẹtàlélọ́gọ́rùn-ún, ẹsẹ̀ mi bọ́ sínú kòtò ìlà tí ó fi ṣọ́bìrì fà, mo sì gbọ́ ohùn Àáfà tí ó ní kí n dúró kí n má baà da tíì nù. Mo tú aṣọ ojú mi. Ìgbésẹ̀ 103 péré. Ammu ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó gba láwàní rẹ̀, ó bu tíì fún mi, ó sì ní kí a tètè ká ẹní, nítorí pé ọ̀nà jìn díẹ̀ sí ibi tí a ó ti kí Jímọ́ọ̀.